Ẹgbẹ̀rún Kùmọ̀ Lẹ́nu Ààwẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irin, ẹ̀yin tí ẹ ń sáré yípo pápá ní ìrọ̀lẹ́ Ràmàdáànì kí ìṣínu tó tó, ẹ̀yin tí ara ń ro lẹ́yìn eré ìdárayá tí ẹ sì ń sọ pé agbára ló ń wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kì í ṣe dókítà. Káfíńtà ni mí. Ọ̀nà Táíwò ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì àti ẹsẹ̀ àga ni mò ń fi ẹ̀rọ gbẹ́, Gàmbàrí sì ni ilé wa, nínú agboolé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Gàníyù lorúkọ mi. Ojú ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíì á tún ṣe é.

Orí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ kùmọ̀. Mo rí àwọn ọkùnrin kan ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń gbé igi ràgàjì yípo ẹ̀yìn orí wọn bí ẹni ń ṣeré. Mo ní, ṣé igi nìyí? Èmi tó jẹ́ pé igi ni mo fi ń jẹun! Lọ́jọ́ kejì mo mú ìtì igi àyán kan, mo gbẹ́ ẹ: ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, orí rẹ̀ ki pọ́pọ́. Nígbà tí mo gbé e délé, ìyàwó mi, Ìyá Ràmátù, wò ó, ó ní, "Ọmọ odó rè é. Odó rẹ̀ dà?" Mo ní kò ní odó. Ó ní, "Kí ló wá fẹ́ gún?" Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ó fi ọwọ́ méjèèjì di kùmọ̀ mú, ẹ ó gbé e sí èjìká, ẹ ó jẹ́ kó já wálẹ̀ sí ẹ̀yìn yín, ẹ ó fà á yípo orí, ẹ ó sì dá a padà síwájú. Ìyẹn là ń pè ní kùmọ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ti ju ogún, èjìká á gbóná, ẹ̀yìn á jí, ikùn á le. N ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe mí lóore. Ẹ̀yìn tó ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kùmọ̀ ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí Ṣéhù tó ń ta táìlì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi fi dara pọ̀ mọ́ mi, àwọn mẹ́rin míì sì tẹ̀ lé e. A ó kírun Alásàrí tán, a ó bọ́ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, a ó máa ju kùmọ̀. Tẹ̀sùbáà la fi ń kà á. Ẹni tó bá ń sinmi ló máa ń mú tẹ̀sùbáà dání, tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bá ti ju kùmọ̀ kan, á fa ọmọ tẹ̀sùbáà kan. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó rí nǹkan kan tó burú nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Àsíátù, torí òun gan-an lọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àbúrò mi obìnrin ni, àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Ilé kéwú ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀ fún bí ọdún méjì. Gbogbo ọjọ́ Àtìní àti ọjọ́ Àlàmísì ló máa ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Ọjọ́ méjèèjì yìí náà ló máa ń gba ààwẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ le. Ó máa ń fi ṣàwàdà pé ẹ̀rọ ti gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ òun.

Àwa mẹ́rin ni ìyá wa bí. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa wò, tèmi nìkan ló bá ti Àsíátù mu. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ìyá wa kúnlẹ̀ fún mi! Ìyá tó bí mi! Mo sáré gbé e dìde. A ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀, wọ́n sì mú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa: ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìtúnnu ààwẹ̀. Wọ́n á yọ kíndìnrín kan lára mi, wọ́n á fi sí Àsíátù lára, a ó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Dókítà obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ara yín le, kò síyè méjì. Ẹ ṣáà máa mu omi dáadáa. Ẹ má lo òògùn kankan láìjẹ́ pé ẹ bi wá. Tí ẹ bá sì máa gba ààwẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ ká jọ sọ ọ́." Mo ní mo ti gbọ́, mo sì ń mi orí bí alángbá. N ò padà lọ bá a sọ nǹkan kan.

Ibà mú mi nígbà tí ààwẹ̀ ku díẹ̀ kó wọlé, n ò sì fọwọ́ kan kùmọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ààwẹ̀ ti lé ní ogún ni mo tó padà sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Òòrùn ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré, páànù ń dún lókè orí. Bí mo ṣe mú kùmọ̀ báyìí ni Ṣéhù bẹ̀rẹ̀ àwàdà tirẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ yáa gbádùn ẹ̀ dáadáa o. Tí wọ́n bá ti yọ ẹyọ kan lára yín, ìgbálẹ̀ lẹ ó máa jù."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí ẹ̀rù ohun tó sọ yẹn ló ti ń bà mí láti bí oṣù mélòó kan tí n ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Èmi ni? Mú tẹ̀sùbáà."

"Mélòó, Ọ̀gá?"

"Ẹgbẹ̀rún."

"Ẹgbẹ̀rún kẹ̀! Lẹ́nu ààwẹ̀? Wàláì, ẹ má ṣe é."

Mo ní, "Àníyàn ni mo ṣe. Kùmọ̀ kọ̀ọ̀kan, àdúà kọ̀ọ̀kan, kí Ọlọ́hun bá mi fún Àsíátù ní àláfíà." Ta ló máa bá ẹni tó ń ṣàdúà fún àbúrò rẹ̀ jiyàn? Ṣéhù mú tẹ̀sùbáà ọlọ́gọ́rùn-ún jáde. Tó bá ti kà á yípo lẹ́ẹ̀kan, á ju òkúta kan sílẹ̀. Òkúta mẹ́wàá là ń retí.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ sọ òtítọ́ rẹ̀ fún yín. Mo ní torí Àsíátù ni. Irọ́ ni. Torí kí Ṣéhù má fi mí rẹ́rìn-ín ni. Mo fi orúkọ àbúrò mi bo ìgbéraga mi, mo sì tún fi orúkọ Ọlọ́hun lé e lórí.

Kùmọ̀ tí mo jù lọ́jọ́ náà wúwo tó kẹ́ẹ̀gì omi lítà mẹ́wàá. Òkúta mẹ́rin àkọ́kọ́ rọrùn. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ètè mi ti bó. Ní ìkeje, òógùn dá lára mi, ara mi gbẹ táútáú, mo sì rò pé ara ti mọ́ ọn ni. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí òkúta kẹwàá bọ́ ni wọ́n pe ìrun Màgàríbì. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n pe ìrun! Ààwẹ̀ ti parí. Dàbínù wà lọ́wọ́ Ṣéhù, omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ike, ó ń nà án sí mi pé, "Ọ̀gá, ẹ ṣínu." Mo mi orí. Ó ku bí ogójì. Mo ju ogójì náà kí n tó fi omi kan ẹnu. Bí mo bá rántí ike omi yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi pé kí n bú sẹ́kún.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo mu omi díẹ̀, mo sì mu sóbò ife mẹ́ta, ó tutù, ó dùn. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú mi, n ò lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Ṣéhù ló fi àkàrà sí mi lẹ́nu bí ọmọdé, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì, apá mi wú, ó sì le bí igi tí n ò tíì gbẹ́. Mo fẹ́ kírun Àsùbá, n ò lè gbé ọwọ́ dé etí fún kábárà. Àyà ni mo gbé e dé. Ìyá Ràmátù wà lẹ́yìn mi, ó jẹ́ kí n sálámà tán, ó ní, "Bàbá Ràmátù, irú ìrun wo lẹ kí yẹn?" Mo ní ara ló ń ro mí. Mo bọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tọ̀, ìtọ̀ náà dúdú bí sóbò tó ti pẹ́ nínú fìríìjì. Àyà mi já. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ife mẹ́ta àná, mo sì mí kanlẹ̀. Mo ní, ah, sóbò ni. Èèyàn mu sóbò, ó tọ sóbò, kí ló kù? Mo tún rẹ́rìn-ín ara mi.

Ṣùgbọ́n n ò mu sóbò lálẹ́ ọjọ́ náà, ìtọ̀ ọjọ́ kẹta sì tún dúdú ju ti àná lọ. Ó sì kéré. Mo tún ń gba ààwẹ̀ mi lọ. Tí a bá ti ṣínu, màá gbé òògùn ara ríro mì, méjì lẹ́ẹ̀kan, èyí tí mo rà ní kẹ́míìsì. Mo pe Ṣéhù lórí fóònù, ó ní, "Agbára ló ń wọlé, Ọ̀gá." Mo gbà á gbọ́, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Ìyá wa ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ti ṣe mí. Ó wo ojú mi, ó ní, "Gàníyù, ojú ẹ pọ́n, ó sì wú. Kí ló dé?" Mo ní ibà tó mú mi lọ́jọ́sí ló padà. Ó bi mí nípa ìtọ̀, mo ní ó pọ́n díẹ̀. Ó ní, "Ibà pọ́njú ni." Kò tíì di ìṣẹ́jú mélòó kan tí ìkòkò àgbo ti wà lórí iná. Ó kan, ó korò, bí a ṣe ṣínu tán mo mu ife ńlá méjì. Ó tún lọ gba hàntú, omi tí wọ́n fi fọ Kùránì tí wọ́n kọ sára wàláà, wá lọ́dọ̀ àáfà àdúgbò wa, mo mu ìyẹn náà. Àáfà yẹn fúnra rẹ̀ bi ìyá wa pé, "Ṣé ó ti lọ rí dókítà?" Ìyá wa ní ibà lásán ni.

Ìyá Ràmátù kò fara mọ́ ọn. Ó ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

Ìyá wa ní, "Ṣé kí wọ́n rí ibà lára ẹ̀, kí wọ́n sún ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ọmọ mi síwájú?"

Ìyàwó mi yíjú sí mi. Ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tí mo ṣe, mo mọ̀ pé ibà kọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba ìyá wa náà ló ń bà mí: wọ́n á sún un síwájú, wọ́n á bi mí léèrè ìdí rẹ̀, Àsíátù á sì gbọ́. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká fún àgbo láyè." Ìyá mi ò jẹ̀bi o. Ohun tí mo wí fún un ló gbé yẹ̀ wò. Títí di òní, tí mo bá wọlé, á wò mí, á ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi gbé e fún ẹ." Mo máa ń ní, "Ìyá, ẹnu mi ni mo fi purọ́ fún yín."

Ọjọ́ kẹrin, n ò tọ̀ rárá. Ẹsẹ̀ mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò gbà á mọ́, òsúkè mú mi kò sì fi mí sílẹ̀, mo ń bì, èémí mi ń já. Ìyá Ràmátù wọlé, ó ti wé gèlè, ó ti dira. Ó ní, "Ẹ dìde. N ò bi yín léèrè." Òun àti ọmọ wa Ràmátù gbé mi sínú Màrúwà.

Ilé ìwòsàn kékeré la kọ́kọ́ lọ. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí níbẹ̀. A gba káàdì, a jókòó. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí, èèyàn tó wà níwájú wa kún bẹ́ńṣì mẹ́rin. Ìyàwó mi lọ bẹ akọ̀wé tó wà ní ojú fèrèsé, ìyẹn ní, "Màmá, ẹ ní sùúrù, gbogbo wa náà là ń ṣàìsàn." Obìnrin kan tó gbé ọmọ lẹ́yìn wo ẹsẹ̀ mi, ó dìde, ó fún mi ní nọ́ńbà tirẹ̀. N ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Kí Ọlọ́hun bá mi san án lẹ́san rere. Pẹ̀lú ìyẹn náà, wọ́n ti kírun Àìlà tán kí a tó wọlé.

Dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin la bá. Ó bi mí, "Bàbá, kí lẹ ṣe ní bí ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn?"

Mo ní, "N ò ṣe nǹkan kan."

Ó fọwọ́ tẹ apá mi, ó tẹ èjìká mi, ó wá fi bírò sílẹ̀. "Apá yín le bí igi. Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ̀ ń pa ara yín pẹ̀lú irọ́ yìí. Kí lẹ ṣe?"

Mo sọ ọ́. Ẹgbẹ̀rún kùmọ̀. Lẹ́nu ààwẹ̀. Lẹ́yìn ibà. Ìyá Ràmátù tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ lé orí. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní tí èèyàn bá lo ẹran ara rẹ̀ kọjá agbára, tí omi ò sì sí lára, ẹran náà máa fọ́. Ìdọ̀tí rẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín tó yẹ kó sẹ́ ẹ dà nù á sì dí. Òun ló sọ ìtọ̀ di dúdú. Ó ní òògùn ara ríro tí mo ń gbé mì àti àgbo tí mo mu tún jẹ́ ẹrù lórí ẹni tó ti ṣubú. Ó ní, ká ní mo wá lọ́jọ́ kejì tí ìtọ̀ dúdú ni, omi tí wọ́n á fà sí mi lára ì bá ti tó. Omi lásán!

Wọ́n kọ ìwé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ Àsíátù náà ni. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ mí bí ẹni mowó rí mi lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ó ní, "Bàbá, ẹ káàbọ̀. Ọ̀la kọ́ lọjọ́ Àsíátù ni?"

Mo ní, "Èmi ni wọ́n gbé wá."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wo ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì ní kí n tún padà sórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àlàmísì. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́. Ẹ ó máa wo ẹ̀jẹ̀ yín bó ṣe ń jáde nínú yín gba inú rọ́bà kọjá. Èmi tí mo ti máa ń jókòó ti Àsíátù, tí mo máa ń sọ fún un pé kó mọ́kàn le, n ò mọ nǹkan tí mò ń sọ rárá ní gbogbo ìgbà yẹn.

A ti bẹ gbogbo ilé pé kí wọ́n má sọ fún un. Ó wọlé ní ọjọ́ Àlàmísì náà pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti Kùránì kékeré tó máa ń kà. Ó rí mi lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi! Ṣé wọ́n ní kí ẹ bá mi tọ́ ọ wò ni?"

Ó sún mọ́ mi, ó rí rọ́bà, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Ó mọ̀ mí, ó sì mọ kùmọ̀ mi.

Ó ní, "Kùmọ̀ ni."

Mo ní, "Àdúà ni mo fi ń ṣe fún ẹ, Àsíátù. Kùmọ̀ kọ̀ọ̀kan..."

"Ṣé Ọlọ́hun kì í gbọ́ àdúà ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́ ni, Bọ̀ọ̀dá?"

Ó na apá rẹ̀ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n so òun náà mọ́ tirẹ̀, ó sì kọjú sí ògiri. Fún wákàtí mẹ́rin, èmi àti àbúrò mi wà nínú yàrá kan, ẹ̀rọ méjì ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, n ò sì rí ojú rẹ̀. Mo ń rí èjìká rẹ̀ tó ń mì. Ẹkún ló ń sun.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni ìtúnnu ààwẹ̀ bá mi. Ọjọ́ tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kọjá, orí bẹ́ẹ̀dì náà ló tún bá mi. Owó ilẹ̀ tí a tà fún Àsíátù la fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì. Ṣéhù wá, ó mú ọsàn wá, kò lè wo ojú mi. Ó ní, "Ọ̀gá, ọwọ́ mi ni mo fi kà á." Mo ní kó jókòó. Bí mo bá ti ẹ̀ fẹ́ bínú sí i, agbára rẹ̀ dà?

Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta, mo tọ̀. Kò tó ìdajì ife. Nọ́ọ̀sì gbé e sókè síbi iná, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ó mọ́!" Gbogbo yàrá kí mi kú oríire. Ìyá wa jó. Ìtọ̀ lásán! Díẹ̀díẹ̀ ó ń pọ̀ sí i, títí wọ́n fi yọ mí kúrò lára ẹ̀rọ, tí mo sì padà sílé. Èmi wá ń rò ó nínú ọkàn mi pé bóyá gbogbo nǹkan ti padà sípò, kí wọ́n tún mú ọjọ́ míì fún wa.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ̀ mí wò léraléra, dókítà obìnrin náà pè mí sí kọ̀rọ̀ ibi tó ti kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ dúpẹ́. Kíndìnrín yín padà, ṣùgbọ́n kò padà tán. Èyí tó kù, ó tó fún ẹnì kan. Kò tó fún ẹni méjì."

Mo ní kó yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé mo gbà. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí sí mi."

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. A ṣì ń wá ẹlòmíì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa bá ti Àsíátù mu, nínú ẹbí bàbá, nínú ẹbí ìyá, a ò tíì rí i. Kùmọ̀ náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Ràmátù ní kí n fi dáná, n ò tíì lè ṣe é. N ò ní kí ẹnikẹ́ni má ju kùmọ̀, kùmọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sinmi fún ìgbà pípẹ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ parí sí. Ẹ má ṣe iṣẹ́ agbára tí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ààwẹ̀ kò sì ní kẹ́ ẹ ṣe é. Tí ìtọ̀ yín bá dúdú lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má wá sóbò tí ẹ ó dì í rù, ẹ má gbé òògùn ara ríro mì, ẹ má mu àgbo. Ẹ sáré lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ sì sọ òtítọ́ fún dókítà, ó kéré tán kí ẹ̀ṣẹ̀ má di méjì.

Èmi ni mò ń gbé Àsíátù lọ sídìí ẹ̀rọ ní gbogbo Àtìní àti Àlàmísì. Wọ́n ní kí n máa mu omi púpọ̀ lójúmọ́, kí kíndìnrín mi má bàa tún daṣẹ́ sílẹ̀. Àsíátù ní tirẹ̀, ife kékeré kan ni wọ́n gbà á láyè láti mu láti àárọ̀ di alẹ́, torí kò níbi tí omi ń gbà jáde lára rẹ̀. Yìnyín ló máa ń lá tí òùngbẹ bá fẹ́ pa á. N ò lè mu omi níṣojú rẹ̀. Tí àkókò omi mi bá tó, màá yọ́ jáde, màá lọ dúró sábẹ́ igi dóńgóyárò, màá mu ún kíá, màá nu ẹnu, màá wọlé.

Ní ọjọ́ Àlàmísì tó kọjá, bí mo ṣe dìde báyìí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Mo ní, "Mo fẹ́ gba atẹ́gùn."

"Omi lẹ fẹ́ lọ mu. Ètè yín máa ń tutù tẹ́ ẹ bá wọlé." Ó nawọ́ tí kò sí rọ́bà lára rẹ̀ sí àga. "Ẹ jókòó. Ẹ mu ún níbí."

"Àsíátù, n ò lè ṣe é."

Ó ní, "Èmi lẹ ṣèlérí ọ̀kan fún. Tèmi ṣì wà nínú yín níbẹ̀. Ẹ mu omi, kẹ́ ẹ máa bá mi tọ́jú rẹ̀."

Mo jókòó. Mo ṣí ike omi náà, mo mu ún tán pátápátá, ó sì ń wò mí, kò mójú kúrò.